Ìyá Ìbejì Ń Dáhùn: Mélòó Nínú Yín Ló Ń Gbé Ibí?

Ẹ̀bi ara mi ni. Lóṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ń dá obìnrin kan lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, mo já gbólóhùn kan sílẹ̀ pé kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Roxbury, ní ìlú Boston, àti pé iṣẹ́ wa ni pé kí àwọ̀ ara ènìyàn yé máa pinnu ibi tí yóò gbé àti ohun tí yóò fi sílẹ̀ fọ́mọ. Àfi bí ẹni tó fi igi gún ilé agbọ́n. Lẹ́tà ń ya wọlé. Mo mú mẹ́fà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé nípa ìyá ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò lè tán láyé, ó lè dúró dé oṣù tó ń bọ̀.

*Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin gboyè nínú ìṣirò owó, ó sì wà ní Boston. Mo rò pé báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tó sọ fún mi pé NGO kan ni, pé ìdọ́gba ẹ̀yà ni wọ́n ń ṣe. Mo ní kó ṣàlàyé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá délé. Ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn, àbí wọ́n ti sọ ọmọ mi di ẹlẹ́ẹ̀hónú? Bàbá kan, Abẹ́òkúta.*

Bàbá, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Iṣẹ́ gidi ni, owó-oṣù sì ń wọlé, bí kò tilẹ̀ tó ti báńkì. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú àlàyé tí ọmọ yín sá fún.

Ọ̀rọ̀ tó ń pè ní ìdọ́gba yẹn, kò rí bí ẹní pín búrẹ́dì sí méjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí a bá fẹ́ pín ogún, ẹnìkan á ní ká pín in ní orí-ò-jorí, ẹlòmíràn á ní ìdí-igi. Àwọn méjèèjì ni yóò búra pé ìdọ́gba ni àwọn ń wí. Ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe lórí bóyá ká pín in dọ́gba, lórí ohun tí a ń kà ni. Ti Amẹ́ríkà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n tì mọ́ta lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín in, tí wọ́n wá ń sọ fún wọn lónìí pé, ó ti tán, láti ìsinsìnyí lọ, orí-ò-jorí ni.

Ọjọ́ tí wọ́n tilẹ̀kùn náà ní déètì. Lọ́dún 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀, Home Owners' Loan Corporation, láti yọ àwọn onílé nínú gbèsè. Nígbà tó yá, àjọ náà rán ènìyàn lọ sí ìlú tó lé ní 200 pé kí wọ́n díye lé àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kùn ún sórí máàpù. Àwọ̀ ewé fún èyí tó dára jù, búlúù tẹ̀lé e, yẹ́lò tẹ̀lé ìyẹn, pupa fún èyí tí wọ́n kà sí eléwu. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí ní àyè kan fún ìdílé àwọn àjèjì, ó sì ní òmíràn fún aláwọ̀ dúdú: ṣé wọ́n wà níbẹ̀, ìdá mélòó ni wọ́n? Ọdún 1938 ni wọ́n ya ti Boston, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun apá tó pọ̀ nínú Roxbury. Àjọ mìíràn tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1934, Federal Housing Administration, ló ń ṣe onídùúró fún ẹni tó fẹ́ yá owó ra ilé. Ó ń dúró fún aláwọ̀ funfun tó ń kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Tó bá di àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú wà, ó ń kọ̀. Òfin tó ka irú ìwà yìí léèwọ̀ kò dé títí di ọdún 1968, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King.

Ilé sì ni ọ̀nà tí ará Amẹ́ríkà tí kì í ṣe olówó ń gbà kó nǹkan jọ fọ́mọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò rí ilé rà lọ́dún 1950, kí ni wọn ì bá fi dúró gba owó yunifásítì fún un lọ́dún 1975? Lọ́dún 2015, báńkì àgbà ìjọba tó wà ní Boston gbé ìwádìí kan jáde lórí agbègbè náà. Tí ẹ bá to ìdílé àwọn aláwọ̀ funfun láti orí olówó dé orí tálákà, èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn ní ohun ìní dọ́là 247,500 lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ gbèsè. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìran wọn jẹ́ ti Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là 8. Bàbá, n kò gbàgbé òdo kankan. Dọ́là mẹ́jọ.

Ibi tí iṣẹ́ ọmọ yín ti wọlé nìyí. Láti ọdún 1975 ni òfin ti ní kí báńkì máa fi hàn ní gbangba ibi tí owó ilé tí wọ́n ń yá ènìyàn ń lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀yà ẹni tó tọrọ rẹ̀ kún un. Ọdún 1977, òfin mìíràn ní àdúgbò tí báńkì bá ti ń gba owó ìfipamọ́, kó máa yá àwọn ará ibẹ̀ lówó pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, ìwé náà sì kún fún nọ́ńbà bíi yanrìn. Ẹni tó lè jókòó tì í, kó sì fi ìka tọ́ ibi tí irọ́ wà, kò pọ̀. Ẹgbẹ́ tiwa fi ọdún méjì wá oníṣirò kan tí yóò bá wa kà á, a ò rí, torí gbogbo wọn ń lọ sí báńkì.

*Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Dorchester, ní Boston níbí, ọdún 2012 ni mo dé. Ṣíìfù méjì ni mò ń ṣe, n kò yá owó ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹgbẹ́ irú tiyín ń kan ilẹ̀kùn mi pé kí n wá sípàdé. Ìjà àwọn akátá àti òyìnbó, kí ló kàn mí níbẹ̀? Wọn kò kó bàbá ńlá tèmi lẹ́rú.*

Ọmọ mi, orúkọ ẹranko inú igbó ni o kọ síbẹ̀ yẹn. Jẹ́ ká dá a padà sínú igbó ká tó jọ sọ̀rọ̀.

Láti ọdún 1924, òfin Amẹ́ríkà ń pín àyè ìwọlé fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ń kó èyí tó pọ̀ jù, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ń pín ẹ̀rúnrún. Ọdún 1965 ni wọ́n pa òfin yẹn rẹ́, ọdún kan náà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú, ọdún kan lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964. Kì í ṣe èèṣì ni wọ́n fi tẹ̀lé ara wọn. Àwọn tí ajá ọlọ́pàá bù jẹ níbi ìwọ́de ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, lọ́dún 1963 ni wọ́n sọ ọ́ di ohun ìtìjú fún Amẹ́ríkà láti máa fi ẹ̀yà yan ènìyàn. Ilẹ̀kùn tí ìwọ àti èmi gbà wọlé, èjìká àwọn yẹn ló tì í.

Kí n tún sọ èyí tí n kì í fẹ́ sọ. Àwọn ìbejì tí ẹ fi ń pè mí ti di bàbá ọmọ báyìí. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Kẹ́hìndé gbé àpótí fèrè tó ń fọn nílé ìwé dání. Ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ dá wọn dúró, wọ́n ní kó ṣí àpótí náà. Táíwò, tó máa ń ṣàlàyé ju bó ṣe yẹ lọ, ní kí wọ́n jọ̀ọ́, àwọn kì í ṣe ọmọ ibí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni àwọn bi í. Wọ́n wo fèrè, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n délé tí wọ́n ròyìn, ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti àpótí. Pé ọmọ mi gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn yóò yọ òun, lẹ́nu èmi ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Èmi ni mò ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ: àwa kò rí bíi wọn.

N kò ní purọ́ fún ọ pé inú wọn ń dùn sí wa nígbà gbogbo. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, ọ̀gá mi obìnrin, ọmọ bíbí Roxbury, wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ṣé mo wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ kára ni. Oṣù mẹ́ta ni a fi bá ara wa sọ̀rọ̀ bí àwọn aya baálé kan náà. N kò rántí ọjọ́ tó tán.

Lọ sí ìpàdé yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, pé aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí ìwọ ń múra àtilọ sí ṣíìfù. Ìyẹn gan-an ni kí o lọ bá wọn jà lé lórí.

*Ìyá wa, mò ń gbé ní Providence. Mo fẹ́ dá NGO sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa ládùúgbò mi. Mo ti ní orúkọ, mo ti ní àmì ẹgbẹ́, mo sì ti kọ ètò ọdún mẹ́ta: kíláàsì kọ̀ǹpútà, oúnjẹ ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àti ẹ̀kọ́ nípa owó. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?*

Ti ìwé kò le. O máa forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀, o máa gba nọ́ńbà lọ́dọ̀ IRS tó ń gba owó orí, o sì máa kọ Fọ́ọ̀mù 1023 sí wọn, èyí tí a fi ń tọrọ kí wọ́n má gba owó orí lọ́wọ́ ẹgbẹ́, dọ́là 600. Ẹgbẹ́ kékeré tí kò retí ju dọ́là 50,000 lọ lọ́dún lè lo èyí tó kúrú, 1023-EZ, dọ́là 275. Ètò ọdún mẹ́ta tí o ti kọ tán ló ń bà mí lẹ́rù. Ta ni o bi kí o tó kọ ọ́?

Èmi náà ṣe é rí. Lọ́dún 2009, mo fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan bẹ ilé ìwé kan títí wọ́n fi fún wa ní kọ̀ǹpútà méjìlá tí wọ́n ti lò. Mo nu gbogbo wọn, mo tò wọ́n, mo lẹ ìwé sára ògiri káàkiri pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé fún àwọn ìyá àgbà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ènìyàn mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kejì, méjì, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún mi láìṣẹ̀fẹ̀ pé ooru inú ilé wa ló mú òun wá. Ẹ̀rọ amúlégbóná tiwọn ti kú láti Kérésìmesì, láńlọ́ọ̀dù kò dá wọn lóhùn. Èmi ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú. Òun ń wá ẹni tí yóò bá òun kọ̀wé sí láńlọ́ọ̀dù.

Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ kan àti àpò owó ẹyọ, ó ní kí n lọ máa jókòó sí ilé ìfọṣọ kan ní Blue Hill Avenue ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kí n máa fi owó ẹyọ ran ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé. Kí n má dárúkọ ẹgbẹ́ àyàfi tí wọ́n bá béèrè. Ìjókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n rò pé ọmọ iléeṣẹ́ owó orí ni mí. Ní ẹ̀kẹta, ìyá kan ní kí n bá òun mú etí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ká jọ ká a, ni ẹnu wọn bá yà. Bọ́ọ̀sì 28 ni gbogbo wọn ń sọ. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó lóru, àwọn tó ń nu ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́, bọ́ọ̀sì náà ni ẹsẹ̀ wọn, ó ń pẹ́, ó ń kún, owó rẹ̀ sì ń jẹ wọ́n. Kò sí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ kọ̀ǹpútà.

Ọdún 2009 yẹn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ètò ńlá kan dé, tí wọ́n pè ní 28X: bọ́ọ̀sì tí yóò ní ọ̀nà tirẹ̀ láàárín Blue Hill Avenue. Lórí ìwé, àdúrà àwọn ìyá ilé ìfọṣọ ló gbà. Àwọn ará àdúgbò lé e padà. Àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè ní aláìmoore ni wọ́n. Ṣùgbọ́n máàpù ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni sípàdé, àdúgbò tó bá sì ti rí máàpù ọdún 1938 rí kì í fẹ́ràn máàpù tí wọ́n yà tán dè é. Ọdún 2021 ni ìlú Boston dán bọ́ọ̀sì 28 wò lọ́fẹ̀ẹ́, oṣù kẹta ọdún 2022 ni wọ́n fi 23 àti 29 kún un. Ẹgbẹ́ wa kò lè sọ pé òun ló ṣe é, àwọn tó pariwo pọ̀. Ọdún méjìlá ló wà láàárín àpò owó ẹyọ yẹn àti bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́. Ìyá tí mo bá ká bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì kò dúró wọ̀ ọ́.

Kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ láti ọ̀dọ̀ rẹ dé Roxbury. Wá wo ohun tí ẹgbẹ́ àdúgbò kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dudley Street Neighborhood Initiative ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984, ilẹ̀ òfìfo tó wà ládùúgbò wọn tó 1,300. Iná ló jó ọ̀pọ̀ ilé tó wà lórí rẹ̀. Àwọn láńlọ́ọ̀dù wà tí wọ́n ń sun ilé ara wọn kí wọ́n lè gba owó ìnṣọ́ránsì. Àwọn akópàǹtí láti ibòmíràn wá ń da ẹran tó ti jẹrà àti ògbólógbòó fìríìjì síbẹ̀. Àwọn olówó àánú kan rí i, àánú ṣe wọ́n lóòótọ́, wọ́n kó àwọn àjọ ńlá jọ, wọ́n to ìgbìmọ̀ kan, wọ́n fi àga ìwọ̀nba sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985 wọ́n pe ìpàdé láti wá fi hàn wọ́n. Ni ẹnìkan bá dìde láàárín èrò, ó bi àwọn tó jókòó níwájú pé mélòó nínú yín ló ń gbé ibí?

Wọ́n wo ojú ara wọn. Ohun tó wù mí nínú ìtàn náà ni pé wọn kò bínú kó owó wọn lọ. Wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká, wọ́n tún un tò, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló wá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdìbò ni wọ́n sì fi ń yàn wọ́n. Aláwọ̀ dúdú, ará Cape Verde, àwọn tó ń sọ èdè Spéènì, aláwọ̀ funfun: iye àga kan náà fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, láìka èyí tó pọ̀ jù sí. Bàbá Abẹ́òkúta, ìdí-igi ni wọ́n lò.

Ohun tí ìgbìmọ̀ tuntun yìí sì kọ́kọ́ gbájú mọ́ kì í ṣe ètò ọdún mẹ́ta. Pàǹtí ni. Lọ́dún 1986 wọ́n gbé ìpolongo dìde pé kí ẹnikẹ́ni má da ìdọ̀tí sí àwọn lórí mọ́. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń béèrè ta ló ni ín. Lọ́dún 1988 ìlú fún wọn láṣẹ láti gba ilẹ̀ òfìfo lọ́wọ́ àwọn tó fi í sílẹ̀ láàárín àdúgbò náà, kí wọ́n san owó rẹ̀ fún onílẹ̀. Irú àṣẹ yẹn, ìjọba ló máa ń ní in. Kò wọ́pọ̀ rárá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò.

Nítorí náà, fi àmì ẹgbẹ́ sínú àpótí ná. Ètò ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ṣì funfun, mú un lọ sí ilé ìfọṣọ, òun ni kí o máa kọ ọ̀rọ̀ wọn sí.

*Ìyá Ìbejì, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó ń tọrọ owó lọ́wọ́ mi kì í ṣe ti gbájú-ẹ̀?*

Ní kí wọ́n fi Fọ́ọ̀mù 990 ti ọdún tó kọjá hàn ọ́, ìyẹn ìròyìn tí ẹgbẹ́ ń kọ sí IRS lọ́dọọdún. Òfin ní ẹni tó bá béèrè gbọ́dọ̀ rí i. Owó tó wọlé wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n san fún ọ̀gá wọn wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa ń kọ èyí tó kúrú gan-an tí kò sọ nǹkan púpọ̀, nítorí náà kà á tán, kí o wá béèrè ibi tí àwọn ìgbìmọ̀ yẹn ń gbé.

*Ẹgbẹ́ kan ní Roxbury ní kí n wá ra ilé lọ́wọ́ àwọn, ó pọ́ọ́kú gan-an sí ti ọjà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé nìkan ni tèmi, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ọkọ mi ní jìbìtì ni. Ẹ gbà wá níyànjú.*

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bi í pé ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí, ta ló ni ilẹ̀ rẹ̀?

Ọ̀nà kan náà ni. Ẹgbẹ́ á di ilẹ̀ mú, wọ́n á fi ọdún 99 yá ọ, ó ṣeé tún ṣe, ọmọ rẹ lè jogún rẹ̀. Nítorí pé o kò ra ilẹ̀, owó ilé náà wálẹ̀. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ tà á, o kò ní lè tà á ní iye tó bá wù ọ́. Ìlànà kan wà nínú ìwé tó sọ èrè tí ó tọ́ sí ọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ náà lè rà á. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní Georgia ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní New Communities. Wọ́n ń lé àwọn àgbẹ̀ tó bá forúkọ sílẹ̀ láti dìbò kúrò lórí oko olóko, ni wọ́n bá ra ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 5,700 kí ẹnikẹ́ni má baà lè lé wọn mọ́. Ọ̀dá dá, ìjọba kò yá wọn lówó bó ṣe ń yá àwọn aládùúgbò wọn aláwọ̀ funfun, ilẹ̀ náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1985. Ó di ọdún 2009 kí wọ́n tó rí owó ìtánràn tó lé ní mílíọ̀nù méjìlá dọ́là gbà lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀nà náà dára, kò sì sọ pé ewu kò sí.

Ohun tí n ó fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni ohun tí ojú mi rí lọ́dún 2008 àti 2009. Báńkì ń gba ilé lọ́wọ́ ènìyàn ní òpópónà wa bí ẹní ń já èso. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ẹgbẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣubú. Ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n tọwọ́ bọ irú gbèsè burúkú tí wọ́n ń tà ládùúgbò nígbà yẹn, tí ẹnìkan bá sì pẹ́ san owó oṣù kan, wọ́n á ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ bi ara yín ohun tí ẹ fẹ́ fi ilé ṣe. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tà á lọ́dún mẹ́wàá kí ẹ fi èrè rẹ̀ kọ́ ilé sí Nàìjíríà, ẹ má rà á, ẹ ó máa bú ẹgbẹ́ yẹn títí. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ibi tí láńlọ́ọ̀dù kò ti ní fi owó kún owó ilé mọ́ yín lórí, ẹ mú ìwé náà lọ bá lọ́yà tiyín. Tiyín ni mo wí o, kì í ṣe ti ẹgbẹ́.

*Ìyá mi, mo ní green card, n kò tíì di ọmọ onílùú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan dúró níwájú ọjà, wọ́n ń bá ènìyàn forúkọ ìdìbò sílẹ̀. Ọmọdébìnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi, mo fọwọ́ sí i. Ṣé mo ṣe dáadáa?*

O kò ṣe dáadáa, ọmọ mi. Fọ́ọ̀mù yẹn máa ń béèrè bóyá o jẹ́ ọmọ onílùú. Tí o bá fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, bí o kò tilẹ̀ tíì dìbò, wọ́n lè torí rẹ̀ lé ọ kúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rín ọmọdébìnrin yẹn kò ní gbà ọ́. Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ohun tí kò tọ́. Òfin gbà wọ́n láyè láti forúkọ ènìyàn sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti sọ ẹni tí ènìyàn yóò dìbò fún. Ó kàn yẹ kó bi ọ́ léèrè kó tó fún ọ ní bírò.

Ìdìbò ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò yàtọ̀ sí ti ìjọba. Ìlànà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ẹni tó lè dá sí i, àwọn tí mo mọ̀ kò sì béèrè ìwé ìrìnnà, ibi tí o ń gbé ni wọ́n ń béèrè. Mo ti bá obìnrin kan jókòó nínú ìgbìmọ̀, ó lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀ kó tó búra di ọmọ onílùú, òun ló sì ń di ìwé owó wa mú. Béèrè, kí o díje tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí o ti fọwọ́ sí níwájú ọjà yẹn, má lọ dìbò, má sì dákẹ́. Pe lọ́yà tó mọ òfin àwọn àjèjì lónìí, kí ó bá ọ fa orúkọ náà yọ.